Àyà Òbí ní Etí Pápá: Àlàyé lórí Ìjáyà Òbí níbi Ìdánwò Eré-ìdárayá Ilé-ìwé ní Ọ̀fà

1. Ìfáárà

Nígbà tí àwọn onímọ̀ bá ń kọ̀wé nípa eré-ìdárayá láàárín Yorùbá, ọmọ tí ń ṣeré ni wọ́n sábà máa ń wò. Wọn a ṣàlàyé òfin eré, wọn a kọ orin rẹ̀ sílẹ̀, wọn a sì sọ ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń rí kọ́ nínú rẹ̀. Àgbàlagbà tí ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí ó ń wo ọmọ tí ó bí, kì í sábà wọ inú ìwé. Ẹni náà ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí.

Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé ni ìjáyà tí ń mú òbí ní ọjọ́ tí ilé-ìwé bá ń yan àwọn ọmọ tí yóò sáré níbi ìdíje ọdọọdún. A mú ìlú Ọ̀fà ní Ìpínlẹ̀ Kwara gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, nítorí pé ìlú tí ó fi ìjàkadì ṣe orò kì í ṣe àlejò sí kí a máa fi agbára ọmọ ẹni wé ti ọmọ ẹlòmíràn ní gbangba. Èrò wa ni pé ìjáyà yìí kì í ṣe àìlera ọkàn, kì í sì í ṣe ìlépa asán. Ipò tí a fi òbí sí ni ó ń bí i: ara rẹ̀ ti múra ìjà, ṣùgbọ́n a kò fún un ní iṣẹ́ kankan ṣe. A ó kọ́kọ́ sọ ohun tí a fi ojú rí. Lẹ́yìn náà ni a ó yẹ èdè wò, a ó yẹ ara ènìyàn wò, a ó sì fi ìdánwò ilé-ìwé wé ìjàkadì, kí a tó sọ ohun tí a rò pé ó ṣeé ṣe.

2. Ohun tí a rí ní etí pápá

Gẹ́gẹ́ bí àṣà tí a jogún láti ọ̀dọ̀ àwọn ilé-ìwé Gẹ̀ẹ́sì, a máa ń pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ilé-ilé, a sì máa ń fi àwọ̀ dá ilé wọ̀nyí mọ̀: pupa, yẹ́lò, búlúù, àwọ̀ ewé. Ọjọ́ ìdíje gan-an ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Ọjọ́ náà ni ìwọ́de, ọjọ́ náà ni àlejò pàtàkì, ọjọ́ náà ni ife-ẹ̀yẹ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mìíràn wà ṣáájú rẹ̀, tí kò ní ìlù, tí kò ní àga lábẹ́ àtíbàbà. Ọjọ́ ìdánwò ni. Ọjọ́ náà ni a ń pinnu ẹni tí yóò wọ aṣọ ilé rẹ̀ àti ẹni tí yóò jókòó láti pàtẹ́wọ́.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo wà lára àwọn òbí tí wọ́n dúró sí abẹ́ igi ní etí pápá ilé-ìwé kan ní Ọ̀fà ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 11, fẹ́ sá eré mítà 100 fún ilé yẹ́lò. Àwọn ọmọ ń sáré ní mẹ́fà-mẹ́fà. Olùkọ́ kan wà níbi ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fèrè. Mẹ́ta dúró ní òpin pẹ̀lú aago ìdíwọ̀n àti bébà. Ẹni méjì péré tí àkókò wọn bá kéré jù lọ nínú ilé kọ̀ọ̀kan ni wọn yóò kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Bàbá kan tí ó ti ń sọ̀rọ̀ òṣèlú láti ìgbà tí a dé dákẹ́ lójijì nígbà tí ọmọ rẹ̀ dé ìlà. Ìyá kan ń ka tẹ̀súbáà rẹ̀, ètè rẹ̀ ń yára ju ìka rẹ̀ lọ. Ìyá mìíràn bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni pé òun ni yóò sáré. Èmi fúnra mi di ike omi ọmọ mi mú títí ike náà fi wó sínú.

Ọmọ mi sáré. Àkókò tí wọ́n kọ fún un jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 16.3. Ti ẹnìkejì tí wọ́n mú nínú ilé rẹ̀, tí ó sáré nínú ìpín mìíràn, jẹ́ 16.1. Orúkọ ọmọ mi kò wọ ìwé. Ó rìn wá bá mi, ó gba omi, ó mu ún, ó sì ní kí n wo ọ̀rẹ́ òun tí yóò sáré tẹ̀lé e. Ó ti ń rẹ́rìn-ín. Àyà tèmi ṣì ń já.

Ìbéèrè tí ó bí iṣẹ́ yìí nìyí: kí ló dé tí ọkàn ẹni tí ó sáré fi ti balẹ̀, tí ti ẹni tí kò gbé ẹsẹ̀ kò tí ì balẹ̀?

3. Ohun tí èdè wa ń sọ

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn gbólóhùn tí òbí máa ń lò ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀:

(a) Àyà mi ń já.
(b) Ẹ̀rù ń bà mí.
(d) Ọkàn mi kò balẹ̀.
(e) Jìnnìjìnnì bò mí.

Nínú gbólóhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òbí kọ́ ni olùwà. Nínú (a) àti (d), ẹ̀yà ara ni olùwà; òbí kàn jẹ́ ẹni tí ó ni ẹ̀yà ara náà ni. Nínú (b) àti (e), ìpayà ni olùwà. Òbí ti di àbọ̀, ẹni tí a ń ṣe nǹkan sí. Ní àkókò kan náà, ohun tí ọmọ lè sọ nípa ara rẹ̀ ni: mo sáré, mo fò, mo dé, mo ṣubú. Ọmọ ni olùwà nínú gbogbo rẹ̀, ìbáà ṣe ìṣubú.

A kò fi èyí sọ pé ìpayà nìkan ni Yorùbá ń sọ ní ọ̀nà yìí. Inú mi dùn, orí mi wú, ojú tì mí: gbogbo ìwọ̀nyí bá ìlànà kan náà mu. Ohun tí a fẹ́ kí a ṣàkíyèsí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín gbólóhùn òbí àti gbólóhùn ọmọ ní ìṣẹ́jú kan náà, ní pápá kan náà. Ọ̀kan ń ṣe nǹkan. Nǹkan ń ṣe èkejì.

Ọ̀rọ̀ náà balẹ̀ tún yẹ kí a dúró lé lórí. Láti ara bà àti ilẹ̀ ni a ti rí i. Nínú ìjàkadì, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀ ni a dá. Ti ọkàn yàtọ̀: ìgbà tí ó bá bà lé ilẹ̀ ni ó tó rí ìsinmi. Nítorí náà, ọmọ tí a ti dá lè ní ọkàn tí ó balẹ̀, nítorí pé ohun tí ó ń dúró dè ti dé. Òbí tí ń wòran ni ọkàn rẹ̀ ń fò káàkiri láì rí ibi bà sí.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni ìdánwò. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń lò fún ohun tí olùkọ́ ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ìwé àti fún wàhálà tí a ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run má fi kàn wá. Bí ọmọ bá sọ fún ìyá rẹ̀ ní alẹ́ pé, "Ìyá mi, a ní ìdánwò eré sísá lọ́la," ìtumọ̀ kan ni ó wà lẹ́nu ọmọ; ìtumọ̀ méjì ni ó wọ etí ìyá.

Bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá sì wí pé ẹni tí a bá ń wò kì í wòran. Òbí rò pé ìran ni òun wá wò, ṣùgbọ́n àwọn òbí yòókù ń wo òun náà. Bí ọmọ bá ṣubú, ojú òbí ni ó ń tì. Apá kan nínú ìjáyà náà nìyí, kò sì yẹ kí a fi pamọ́: a ń bẹ̀rù fún ọmọ, a sì ń bẹ̀rù fún orúkọ ilé.

4. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ara

Àwọn onímọ̀ nípa ìṣesí ara ti ṣàlàyé ohun tí àwọn baba wa pè ní kí àyà máa já. Ẹṣẹ́ kékeré méjì wà lórí kíndìnrín ènìyàn, ọ̀kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ewu bá yọjú, àwọn ẹṣẹ́ yìí a tú èròjà kan tí a ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Jokichi Takamine, ọmọ ilẹ̀ Japan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ yọ èròjà náà sọ́tọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ní 1915, Walter Cannon ti Yunifásítì Harvard tẹ ìwé kan jáde, níbi tí ó ti ṣàlàyé iṣẹ́ tí èròjà yìí ń ṣe: ọkàn a máa lù kíkankíkan, ẹ̀jẹ̀ a sáré lọ sí iṣan apá àti ti ẹsẹ̀, iṣẹ́ inú ikùn a dínkù, itọ́ a gbẹ lẹ́nu. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìmúra sílẹ̀ fún ọ̀kan nínú ohun méjì: kí ènìyàn jà, tàbí kí ó sá.

Ìdáhùn ìbéèrè wa ti ń yọjú níhìn-ín. Ara kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ewu tí ó kan ènìyàn fúnra rẹ̀ àti èyí tí ó kan ọmọ rẹ̀. Ìmúra tí ó wà nínú ara ọmọ ní ìlà ìbẹ̀rẹ̀ wà nínú ara ìyá rẹ̀ lábẹ́ igi pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n fèrè dún, ọmọ sáré, ó ná gbogbo ohun tí ara rẹ̀ ti kó jọ. Ìyá kò sáré, kò jà. Ẹrù tí ara dì fún un ṣì wà lórí rẹ̀ nígbà tí ọmọ ti sọ tirẹ̀ kalẹ̀. Ìyá tí ó bọ́ bàtà rẹ̀ kò ya wèrè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó gbọ́ ìpè.

5. Ìjàkadì Ọ̀fà àti ìdánwò ilé-ìwé

Ìdíje kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ọ̀fà. Ìtàn ìlú náà sọ pé Ọlálọmí Ọlọ́fàgangan, ọmọ ọba láti Ọ̀yọ́, tí ó jẹ́ ọdẹ àti tafàtafà, ni ó tẹ̀ ẹ́ dó. Inú oríkì orílẹ̀ Ọlọ́fà ni a ti fi ìjàkadì hàn gẹ́gẹ́ bí orò ìlú. Orò tí a ń sọ níhìn-ín ni ohun àjogúnbá tí ìran kan gbọ́dọ̀ máa ṣe. Kì í ṣe Orò tí obìnrin kì í wò. Ní àsìkò ọdún Onímọ́kà, Ọlọ́fà fúnra rẹ̀ àti Ẹ̀sà, tí í ṣe ìjòyè pàtàkì ní ìlú, a máa jìjàkadì àṣeyẹ ní gbangba. Ìtumọ̀ èyí kò kéré: ní ìlú yìí, ọba pàápàá a máa gbé ara rẹ̀ sí ojú agbo.

Bí a bá fi irú ìjàkadì tí àwọn ọmọ Yorùbá máa ń ṣe ní ojú agbo wé ìdánwò ilé-ìwé, ìyàtọ̀ mẹ́ta ni ó hàn sí wa. Èkíní ni ìbáramu. Ẹgbẹ́ ni ó ń bá ẹgbẹ́ jà; àwọn àgbà a wo gíga, wọn a wo ọjọ́ orí, kí wọ́n tó fi ẹni méjì kojú ara wọn. Èkejì ni ipò òbí. Àwọn ará ilé kì í dúró láìṣe nǹkan. Ìyá ń ki oríkì ọmọ, ẹ̀gbọ́n ń pariwo, onílù ń fi ìlù pe orúkọ baba rẹ̀. Ohùn ni wọ́n fi ń ja ìjà tiwọn. Ẹ̀kẹta ni ìyọrísí. Ẹni tí a dá yóò gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ nù, yóò tún padà wọ inú agbo ní ọjọ́ mìíràn. A kò kọ orúkọ rẹ̀ sí ìwé pé kò yẹ.

A kò fẹ́ kí a ṣì wá gbọ́ pé ayé àtijọ́ dára ju ti òde òní lọ. Ìjàkadì a máa ṣẹ́ni lápá. Agbo rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti ọkùnrin nìkan. Ilé-ìwé ni ó fún ọmọbìnrin mi ní pápá. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ọ̀fà dá Offa Grammar School sílẹ̀ ní 1943, ohun tí wọ́n ń wá ni ọ̀nà tuntun tí ọmọ wọn yóò fi bá ẹgbẹ́ pé, ọ̀nà náà sì ti mú èso rere jáde. Ohun tí a ń sọ ni pé, nígbà tí a gbé ìdíje láti ojú agbo lọ sí orí pápá, a gbàgbé láti gbé iṣẹ́ òbí lọ pẹ̀lú rẹ̀. A pa oríkì lẹ́nu mọ́, a kò sì fi ohunkóhun dípò rẹ̀.

6. Ohun tí aago lè sọ àti ohun tí kò lè sọ

Nítorí pé aago ni ó gba ipò adájọ́, ó yẹ kí a bi í léèrè bí ó ti ṣeé gbẹ́kẹ̀lé tó. Ọmọ tí ó fi ìṣẹ́jú-àáyá 16 sá mítà 100 ń sá mítà 6.25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ 0.2 tí ó wà láàárín ọmọ mi àti ẹnìkejì tí wọ́n mú kò ju mítà kan àti díẹ̀ lọ: ìṣísẹ̀ ọmọdé kan. Bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń gba ènìyàn tó nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kí àtàǹpàkò rẹ̀ tó dáhùn sí ohun tí ojú tàbí etí rẹ̀ gbà. Àwọn tí ń ṣe àkójọ àkókò eré sísá lágbàáyé mọ èyí dáadáa; bí wọ́n bá fẹ́ fi àkókò tí a fi ọwọ́ gbà ní eré mítà 100 wé ti ẹ̀rọ, 0.24 ni wọ́n máa ń fi kún ti ọwọ́. Ọwọ́ ẹnì kan sì lè yá ju ti ẹnìkejì lọ. Níbi tí olùkọ́ mẹ́ta ti di aago mẹ́ta mú, ìyàtọ̀ tí a kọ sí bébà lè jẹ́ ti ẹsẹ̀ ọmọ, ó sì lè jẹ́ ti àtàǹpàkò olùkọ́.

Ọjọ́ orí náà ní ipa tirẹ̀. Ní 1985, Roger Barnsley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn nípa àwọn eléré họ́kì orí yìnyín ní Kánádà pé àwọn tí a bí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún pọ̀ láàárín wọn ju àwọn tí a bí ní ìparí ọdún lọ. Kì í ṣe pé oṣù kan bí alágbára ju òmíràn lọ. Ọmọ tí a bí ní oṣù kìn-ín-ní fi nǹkan bí oṣù mọ́kànlá dàgbà ju ẹni tí a bí ní oṣù kejìlá lọ, bẹ́ẹ̀ ni a kó wọn pọ̀ sí ẹgbẹ́ kan; ẹni tí a mú ni a sì ń kọ́ sí i, tí ó fi ń dára sí i. Àwọn àgbà tí ń wo gíga àti ọjọ́ orí kí ìjàkadì tó bẹ̀rẹ̀ ti mọ ohun tí ìwádìí yìí ń sọ.

Kò yẹ, nítorí náà, kí òbí ka ìwé ìdánwò sí ìwé orí ọmọ rẹ̀. Wándé Abímbọ́lá, nínú ìwé rẹ̀ lórí Ifá tí ó jáde ní 1976, ṣàlàyé pé lẹ́yìn orí, Yorùbá ka ẹsẹ̀ sí ohun pàtàkì nínú ìwà ẹ̀dá, nítorí pé ẹsẹ̀ ni àmì akitiyan tí orí fi ń dé ibi tí ó ń lọ. Ìdánwò ọjọ́ kan ń sọ ibi tí ẹsẹ̀ dé ní ọjọ́ náà. Kò sọ ibi tí yóò dé.

7. Òbí tí ó rí iṣẹ́ ṣe

Àpẹẹrẹ kan tí gbogbo ayé mọ̀ wá láti Ìjẹ̀bú-Òde. Tobi Amusan, tí a bí níbẹ̀ ní 1997, ti sọ fún àwọn oníròyìn pé bàbá òun kò fẹ́ kí òun máa sáré nígbà tí òun wà ní ilé-ìwé. Ẹ̀kọ́ ni ó fẹ́ kí òun gbájú mọ́. Ìyá òun ni ó máa ń fi ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì bo òun láṣìírí kí òun lè lọ sí pápá. Ní ọjọ́ 24 oṣù keje, 2022, ní Eugene ní Amẹ́ríkà, ọmọ náà fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 sá mítà 100 olódi, àkókò tí obìnrin kankan kò tí ì sá rí, ó sì gba wúrà ní ọjọ́ náà gan-an.

A kò mú àpẹẹrẹ yìí wá láti dá bàbá lẹ́bi. Ẹni tí ó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kàwé kò ṣẹ̀. Ohun tí ó wù wá nínú rẹ̀ ni pé ìyá ti rí iṣẹ́ ṣe. Ohun yòówù tí ó lè máa bà á lẹ́rù, kì í ṣe òǹwòran nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó ti di olùwà nínú gbólóhùn tirẹ̀.

Èmi náà rí díẹ̀ nínú èyí. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé èyí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, olùkọ́ kan bẹ àwa òbí mélòó kan pé kí a wá ran àwọn lọ́wọ́. Orí okùn ìparí ni wọ́n fi èmi àti bàbá olóṣèlú ìjọ́sí sí. A ní láti na okùn náà, kí a sì jù ú sílẹ̀ ní kété tí àyà ọmọ àkọ́kọ́ bá kàn án, kí ó má baà gé ọmọ kankan lọ́rùn. Ìpín mọ́kànlá ni a dì í mú fún. Ìgbà tí ọmọ mi kọjá, ohun tí mo ń wò ni okùn. Ìgbà tí mo gbé ojú sókè ni mo tó rántí pé àyà mi kò já. Ó tún ṣe ipò kẹta nínú ìpín rẹ̀, wọn kò sì mú un. A jọ rìn lọ sílé, ó ń ṣàlàyé fún mi bí ó ṣe yẹ kí n máa di okùn mú.

8. Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìjáyà òbí ní etí pápá ní ìdí tí ó ṣe é tọ́ka sí. Èdè fi òbí sí ipò àbọ̀. Ara rẹ̀ múra iṣẹ́ tí kò rí ṣe. Ètò ilé-ìwé gba iṣẹ́ tí ojú agbo ti fún un tẹ́lẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bébà tí ó ń bẹ̀rù kò sì mọ tó bí ó ti rò. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí a sọ fún òbí pé kí ó fọkàn balẹ̀ kò tó. Yorùbá ní ọmọ ẹni kò ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. A kò lè bẹ òbí pé kí ó má ṣe gbè sẹ́yìn ọmọ rẹ̀. Ohun tí a lè ṣe ni kí a fún ìgbèsẹ́yìn náà ní iṣẹ́.

Àbá wa kò ná ilé-ìwé lówó. Kí òbí máa di okùn, kí wọ́n máa fi ẹfun fa ìlà, kí wọ́n máa bu omi fún ọmọ gbogbo, kì í ṣe fún ọmọ tiwọn nìkan. Kí ènìyàn méjì máa gba àkókò ọmọ kan. Kí a máa fi oṣù tí a bí ọmọ pín wọn níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe. Kí a sì máa ka orúkọ gbogbo ọmọ tí ó sáré jáde ní ohùn rara ní òpin ọjọ́, ìbáà ṣe ẹni tí a mú, ìbáà ṣe ẹni tí a kò mú, kí ẹni tí ó bá fẹ́ kì ọmọ rẹ̀ ní oríkì lè rí àyè kì í.

Ó ku ohun tí iṣẹ́ yìí kò fi ọwọ́ kàn: ìjáyà àwọn olùkọ́ tí ń kọ orúkọ sílẹ̀, àti ti ọmọ tí a mú nígbà tí a kò mú ọ̀rẹ́ rẹ̀. A fi èyí sílẹ̀ fún ìjíròrò ní ìpàdé yìí àti fún ẹni tí yóò tẹ̀síwájú lẹ́yìn wa.